Ọkọ̀ lè ká ìdákọ̀ró, ilé ò lè ká a: Bí wọ́n ṣe ń jayé lórí omi ní Grenadines, àti ohun tí ìjì Beryl fi hàn wọ́n

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kì í tí ì lù tí ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ lórí omi Admiralty Bay. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Oníbúrẹ́dì ni. Bó ṣe ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan ló ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíì, tó ń polówó ọjà ẹ̀: búrẹ́dì gbígbóná rèé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rèé, yìnyín rèé! Àwọn tó ń polówó fún, orí ibùsùn ni púpọ̀ nínú wọn ṣì wà. Wọn ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, wọn ò sì ní í lọ lọ́la. Ohun tó le jù tí wọ́n máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí wọ́n na ọwọ́ síta, kí wọ́n gba búrẹ́dì, kí wọ́n sanwó ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọmọ ọba ni gbogbo wọn o. Òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú wọn, tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe náà wà níbẹ̀. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Kánádà àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Àwọn kan ta ilé wọn kí wọ́n tó ra ọkọ̀. Àwọn mí-ìn háyà tiwọn fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n fẹ́ sinmi, ojú omi ni wọ́n sì ti fẹ́ sinmi.

Ibi tí wọ́n wà yìí ni wọ́n ń pè ní Grenadines. Erékùṣù kéékèèké ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já sínú òkun Kàríbíànì, láàárín St. Vincent lápá àríwá àti Grenada lápá gúúsù. Ìjọba méjì ló pín wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bequia, Mustique, Canouan, Mayreau àti Union Island wà lábẹ́ St. Vincent, tó gba òmìnira lọ́dún 1979. Carriacou àti Petite Martinique wà lábẹ́ Grenada, tó ti gba tiẹ̀ lọ́dún 1974. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ìgbòkun, ìyẹn ọkọ̀ aláṣọ tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tì í, lè rin gbogbo ẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ kì í kánjú. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Bequia ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bequia ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n "Bẹ́kíwè" ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ ò ju máìlì onígun mẹ́rin 7 lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì tó nǹkan bíi 5,000. Títí tí wọ́n fi ṣí pápákọ̀ òfúrufú síbẹ̀ lọ́dún 1992, kò sọ́nà mí-ìn téèyàn lè gbà débẹ̀ ju orí omi lọ. Orúkọ James Mitchell ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ náà. Ọmọ Bequia ni bàbá yìí, òun ló sì ṣe olórí ìjọba St. Vincent láti 1984 sí 2000.

Ọmọ òkun pọ́ńbélé làwọn ará ibẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ẹja pípa àti ìrìn-àjò orí omi ni wọ́n jogún. Kódà, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ ẹja àbùùbùtán lágbàáyé ṣì fún wọn láyè láti máa pa ẹja ńlá náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju 4 lọ lọ́dún. Ọkọ̀ onígi àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ jù ni wọ́n jogún fún iṣẹ́ náà. Lọ́dún mí-ìn, wọn kì í rí ẹyọ kan pa.

Ká tó máa sọ̀rọ̀ ìsinmi lọ, ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó gbé ìsinmi náà ró. Irin kan ni. Yorùbá ti sọ gbogbo iṣẹ́ irin náà sínú orúkọ ẹ̀: ìdákọ̀ró, ohun tó ń dá ọkọ̀ ró. Bí ọkọ̀ ìgbòkun bá wọ èbúté, ọ̀gá ọkọ̀ á kọjú ẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, wọ́n á wá ibi tí iyanrìn funfun wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì ju ìdákọ̀ró sómi. Kì í ṣe pé wọ́n jù ú, ó tán. Ẹ̀wọ̀n irin gígùn ló so mọ́ ọn. Bí omi bá jìn tó mítà 5, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n máa tú sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mítà 25. Ìdí ni pé tí ẹ̀wọ̀n bá gùn, ilẹ̀ ló máa sùn sí, á máa fa ìdákọ̀ró nígbọọrọ, ẹnu irin náà á sì túbọ̀ máa wọ inú iyanrìn. Tí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, òkè ló máa fà á sí, ìdákọ̀ró á sì já jáde bí ìgbà téèyàn fa ẹ̀gẹ́ tu.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì ti ọkọ̀ sẹ́yìn kí ìdákọ̀ró lè jẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹnì kan á wá fi awò ojú bọ́ sómi lọ wò ó fúnra ẹ̀. Bó bá padà jáde, á mú àmì lórí ilẹ̀: igi àgbọn tó wà níwájú yẹn gbọdọ̀ máa wà ní ọ̀kánkán ilé pupa tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá jí lóru tí igi àgbọn ti yẹ̀ kúrò níbi tó fi í sí, ìjàngbọ̀n ti dé. Ọkọ̀ ń wọ́ nìyẹn. Ó lè lọ rọ́ lu ọkọ̀ ẹlòmíì, ó lè lọ fẹ́gbẹ̀ẹ́ kọlu òkúta. Lóde òní, fóònù náà máa ń bá wọn ṣọ́ ọ, bí ọkọ̀ bá kúrò lójú kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ ò fọkàn tán fóònù. Wọ́n ṣì máa ń dìde láago méjì òru, wọ́n á yọjú síta, wọ́n á wo igi àgbọn wọn, wọ́n á tó padà lọ sùn.

Ohun tó mú kí Admiralty Bay gbayì lójú wọn ni bí Ọlọ́run ṣe dá a. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún, atẹ́gùn kan wà tó jẹ́ pé láti ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́, kì í sì í fẹ́ẹ́ sinmi. Ìwọ̀ oòrùn ni ẹnu èbúté yìí sì kọjú sí. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ń dá ìgbì dúró, atẹ́gùn nìkan ló ń ráyè kọjá sórí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọkọ̀ á sì máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń rẹ ọmọ.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Bí wọ́n bá ti jẹ búrẹ́dì tán, wọ́n á bọ́ sómi. Omi ni ilé ìwẹ̀ wọn. Ọṣẹ nínú òkun, lẹ́yìn náà ife omi aláìníyọ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti fi ṣan iyọ̀ kúrò lára. Wọn kì í fi omi mímu tàfàlà, nítorí inú táǹkì ló wà, ẹni tó bá sì lò ó tán, á wa ọkọ̀ kékeré lọ fi kẹ́ẹ̀gì pọn òmíì ni. Iná mànàmáná wọn, láti orí sólà ló ti ń wá. Tí oòrùn ò bá ràn, fìríìjì ò ní í tutù, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ọkọ̀. Nǹkan kan kì í ṣàì bàjẹ́ nínú ọkọ̀. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ omi, á jẹ́ ṣáláńgá, bí kì í bá ṣe ṣáláńgá, aṣọ ìgbòkun ló máa ya. Bàbá á gbé àpótí irinṣẹ́, á dorí kodò sínú ihò kan fún wákàtí méjì, ìyàwó ẹ̀ á máa nawọ́ sípánà sí i. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á jẹun, wọ́n á kàwé, oorun á gbé wọn. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wa ọkọ̀ kékeré lọ kí àwọn aládùúgbò. Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí láàárọ̀ ti di ọ̀rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, kálukú á mú ife ọtí rọ́ọ̀mù jáde síwájú ọkọ̀, gbogbo ojú á sì máa wo ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ń retí kí àwọ̀ ewé kan kọ mànà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí oòrùn ṣe ń rì. Àwọn tó ti rí i ń fi yangàn, àwọn tí ò rí i ní irọ́ ni. Tó bá ṣú, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á tan iná funfun kan sókè òpó kí ẹlòmíì má baà rọ́ lù ú. Ẹni tó bá wo èbúté náà láti orí òkè lóru, á rò pé ọ̀run ló bọ́ sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Ibẹ̀ ló ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ná èèyàn lówó, ó lè gba owó ilé odidi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní in, ní ọ̀pọ̀ èbúté, ẹni tó fi ìdákọ̀ró ara ẹ̀ dúró kì í san owó òtẹ́ẹ̀lì, atẹ́gùn tó gbé e débẹ̀ náà kì í béèrè owó epo. Oúnjẹ, gáàsì, owó ìwé àṣẹ àti àtúnṣe ló kù. Gbogbo ìyókù, ọwọ́ àwọn ará ìlú ni wọ́n ti ń rà á. Ìyá kan ló ń bá wọn fọ aṣọ. Ọkùnrin kan ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri. Òmíì ló ń ta ẹja, òmíì ló ń ta máńgòrò, òmíì ló ń gbẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sílé, torí àwọn ará Bequia mọ̀ ọ́n gbẹ́ jọjọ.

Ó ní èso kan tí wọ́n ń tà tó jẹ́ pé bí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ bá rí i lọ́jà ibẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Gbẹ̀rẹ̀fútù ni! Iná ni wọ́n ń gbé e lé lódindi títí ara ẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á bó o, wọ́n á fi bọ́tà sí i tàbí kí wọ́n fi ẹja dídín jẹ ẹ́. Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló kó igi náà dé St. Vincent lọ́dún 1793. Oúnjẹ ẹrú ni wọ́n ní kó jẹ́, kí àwọn olóko ìrèké lè rí nǹkan tí ò wọ́n fi bọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n kó láti Áfíríkà. Lónìí, òun làwọn tó sanwó wá sinmi ń fi jẹ ẹja lálẹ́.

Ìyẹn ò ní kí olówó ńlá má sí ládùúgbò náà o. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Bequia, kò pẹ́ tó fi máa rí Mustique. Lọ́dún 1958, ọkùnrin ọlọ́lá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Colin Tennant, ra gbogbo erékùṣù yẹn lápapọ̀ ní 45,000 pọ́n-ùn. Nígbà tí Princess Margaret, àbúrò Queen Elizabeth, ṣègbéyàwó lọ́dún 1960, ilẹ̀ ni Tennant fún un níbẹ̀ bí ẹ̀bùn. Nígbà tí ọmọ ọba bá ti fẹsẹ̀ kan ibì kan, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Mick Jagger olórin nílé síbẹ̀, David Bowie náà kọ́ tiẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ lè dúró níwájú erékùṣù náà, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ mu ọtí létíkun. Ṣùgbọ́n ilé àwọn olókìkí, ọ̀ọ́kán ni wọ́n máa ń wò ó mọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tìtorí ẹ̀ wá ni Tobago Cays. Erékùṣù márùn-ún tínńtín ni, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ń dáàbò bò, ẹni bá wọ ibẹ̀ ń sanwó, kò sì gbọdọ̀ pa ẹja. Níwájú wọn lápá ìlà oòrùn, àpáta iyùn kan ló rọ̀gbà yí wọn ká lábẹ́ omi bíi pátákò ẹṣin. Òkun ńlá á máa fọ́ sára àpáta náà, á máa hó yéè, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, omi pa rọ́rọ́, ó mọ́ débi pé wọ́n ń rí ìdákọ̀ró wọn láti orí ọkọ̀. Ìjàpá òkun pọ̀ níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń pọ̀ ládùúgbò. Koríko inú omi ni wọ́n ń jẹ. Èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀, ìjàpá á wò ó, á tún máa bá oúnjẹ ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù yìí, Petit Tabac, ni wọ́n ti ya apá kan fíìmù Pirates of the Caribbean tó jáde lọ́dún 2003, níbi tí wọ́n ti já Johnny Depp sílẹ̀ láìní ọkọ̀.

Lálẹ́, àwọn ọmọkùnrin láti Union Island àti Mayreau á dáná sí etíkun Petit Bateau. Wọ́n á yan ẹja, wọ́n á yan edé ràgàjì tí wọ́n ń pè ní lobster, wọ́n á sè ẹran ìgbín òkun. Wọ́n á fi ọkọ̀ wọn wá gbé àwọn oníbàárà, wọ́n á sì dá wọn padà sílé wọn lórí omi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbójú fò dá. Ẹni tó bá jókòó síwájú ọkọ̀ ní Tobago Cays tó kọjú sí ìlà oòrùn, kò sí ilẹ̀ kankan mọ́ láàárín òun àti Áfíríkà. Láti ọ̀dọ̀ wa ni atẹ́gùn yẹn ti ń fẹ́ bọ̀. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, tó máa ń bá ọyẹ́ wọlé sí wa, a máa fò kọjá òkun débẹ̀ nígbà mí-ìn, ojú ọ̀run á sì ṣókùnkùn. Atẹ́gùn kan náà ló gbé ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ìyẹn náà gbọ́ ariwo ẹ̀wọ̀n bí ìdákọ̀ró ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi kọ́ ni wọ́n débẹ̀ wá ṣe.

Àwọn ọmọ wọn ò gbàgbé. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Union Island, wákàtí méjì ló máa fi dé Carriacou. Nítorí orílẹ̀-èdè mí-ìn nìyẹn, ọ̀gá ọkọ̀ á fa àsíá aláwọ̀ ìyeyè sókè títí á fi rí kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n. Ní Carriacou, ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Drum. Ìlù orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni wọ́n ń lù lọ́kọ̀ọ̀kan: Cromanti, Igbo, Congo, Manding, Temne, Arada. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Igbo á mọ ìlù tiẹ̀, á sì jáde jó. Oríṣi àsè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní saraca, tí wọ́n ń sè fáwọn ọmọdé àti aládùúgbò. Sàráà ni, bí àwa náà ṣe ń ṣe é nílé. Láti ẹnu Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló sì ti bá wọn kọjá òkun. Wọ́n tún máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fáwọn òkú wọn, wọ́n á tẹ́ tábìlì sínú yàrá mọ́jú, kí àwọn àgbà wá jẹun. Ní Grenada ńlá, àwọn Yorùbá gan-an débẹ̀. Láyé ọdún 1840 sí 1850, lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n kó àwọn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú lọ síbẹ̀ bí alágbàṣe, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ẹ̀sìn tí wọ́n gbé débẹ̀, Shango ni wọ́n ń pè é.

Ọkọ̀ onígi ni Carriacou fi gbajúmọ̀ jù. Ní abúlé Windward, etíkun ni wọ́n ti ń kàn án, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ nǹkan. Bó bá tó àkókò tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun sómi, àlùfáà á gbàdúrà, wọ́n á pa àgùntàn, ewúrẹ́ àti àkùkọ, wọ́n á ta ọtí sílẹ̀. Wọ́n á wá fi àáké gé àwọn òpó tó gbé ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbogbo ìlú á sì fi okùn fà á lórí igi gbọọrọ títí á fi bọ́ sómi. Láti 1965 ni wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ yìí sáré ìje lóṣù Kẹjọ. Lọ́dún 2023, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn yìí sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọdọ̀ dáàbò bò.

Oṣù méje ò tí ì pé lẹ́yìn ìyẹn tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ní kàlẹ́ńdà tiwọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò ló ti sọ fún wọn pé tí ọkọ̀ wọn bá wà ládùúgbò náà lásìkò yẹn, tí ìjì bá bà á jẹ́, kí wọ́n má wá béèrè owó. Nítorí náà, bí oṣù Karùn-ún bá ti ń parí lọ, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń ká ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan á gba Trinidad lọ nísàlẹ̀, àwọn kan á sá lọ sí Grenada, nítorí ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìjì kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ ọ̀hún ti kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí ìjì Ivan já wọ Grenada, tó to ọkọ̀ jọ bí igi ìdáná.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ọdún 2024, ìjì Beryl wọ Carriacou. Irú ìjì ńlá bẹ́ẹ̀ kì í tètè dé bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún. Atẹ́gùn ẹ̀ ń sá eré kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Olórí ìjọba Grenada sọ pé láàárín ààbọ̀ wákàtí, Carriacou ti di pẹrẹsẹ. Ní Union Island, olórí ìjọba St. Vincent ní ilé 90 nínú 100 ló bàjẹ́ gidi tàbí tó wó pátápátá. Àwọn èèyàn kú. Òrùlé fò, ilé ìwòsàn bàjẹ́, igi àgbọn tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi ṣàmì wó lulẹ̀, èyí tí ò wó, ewé ò kù lórí ẹ̀. Láti ìgbà ìjì Janet tọdún 1955, àwọn àgbà Carriacou ò tí ì rí irú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà ní Grenada ti ká ìdákọ̀ró nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọ́n ti sá lọ sí Trinidad. Àwọn tó kù ní Carriacou kó ọkọ̀ wọn sínú igbó ẹ̀gbà tó wà létí Tyrrel Bay, níbi tí wọ́n ti ń sá pa mọ́ sí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n so ó mọ́ igi lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ju ìdákọ̀ró méjì mẹ́ta sómi. Nígbà tí ìjì náà lọ tán, ọkọ̀ ti gun orí ọkọ̀, òpó ti kán, ọ̀pọ̀ ti dojú dé.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fọṣọ, ọkùnrin tó ń yan ẹja, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ní Windward, àwọn yẹn ò rí ibì kankan sá lọ. Ilé kì í ní ẹ̀wọ̀n téèyàn lè ká. Ilẹ̀ bàbá wọn nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ ni ìjì náà bá wọn. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́rin ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn láàárọ̀, tó ń rò pé òun mọ erékùṣù náà dáadáa, ìgbà yẹn ló tó yé e pé ohun tó yàtọ̀ láàárín òun àtàwọn kì í ṣe owó nìkan. Òun lè lọ. Àwọn ò lè lọ.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn padà. Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ náà parí, ọkọ̀ ìgbòkun àti ọkọ̀ apẹja ti ń kó omi mímu, oúnjẹ, tapólì àti jẹnẹrétọ̀ láti Grenada lọ sí Carriacou. Àwọn ará Bequia, tí ìjì náà ò bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kó sọ́kọ̀, wọ́n gbé nǹkan lọ sí Union Island, wọ́n sì gba àwọn tí ò nílé mọ́ sọ́dọ̀. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún sólà àti ẹ̀rọ omi ṣe nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ti ń dorí kodò sínú ihò láti ọdún yìí wá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wúlò lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí oṣù Kejìlá tún pé, atẹ́gùn ìlà oòrùn padà dé bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Tobago Cays, àwọn ọmọkùnrin tún gbé ààrò jáde. Òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ tapólì lọ́jọ́ tí wọ́n ń yan ẹja fún àlejò. Àwọn kan lè rò pé kò yẹ kéèyàn lọ gbádùn níbi tí ọmọlúàbí ti ń jìyà. Ṣùgbọ́n owó búrẹ́dì, owó ẹja, owó aṣọ fífọ̀, òun ni páànù, òun ni ìṣó. Àlejò tó bá ní òun ò wá mọ́ nítorí àánú, ebi ló fi ń ṣe wọ́n láàánú.

Ìsinmi dára. Ẹni tó bá rí i, kó sinmi. Kó ju ìdákọ̀ró ẹ̀ síbi tí iyanrìn wà, kó tú ẹ̀wọ̀n tó gùn, kó wo igi àgbọn ẹ̀ kó tó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí oníbúrẹ́dì bá kan ọkọ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀, kó má wulẹ̀ na ọwọ́ nìkan síta. Kó dìde, kó kí i, kó béèrè bí ilé ṣe wà àti bóyá òrùlé ti délẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni ìdákọ̀ró rẹ̀ kejì wà.